Ibi Tí Àwọn Baba Wa Sùn Sí

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìtẹ̀síwájú Ìlú)

    

Nígbà tí àwọn àgbà Ẹgbẹ́ ránṣẹ́ sí wa pé kí á wá sọ̀rọ̀ ní ọdún yìí, a mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń retí lẹ́nu olùkọ́. A bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí á sọ ọ̀rọ̀ itẹ́ òkú. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ta ni í sọ̀rọ̀ ibojì níbi àríyá. Èsì tí a fún wọn ni pé ọ̀rọ̀ alààyè ni a fẹ́ sọ. Kí ìwé tó dé ilẹ̀ yìí, ojú oórì ni ìwé tí àwọn baba wa kọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ẹni tí ó kọ́kọ́ tẹ ibì kan dó, ilẹ̀ ni yóò wò, yóò sì béèrè pé: ta ni ó sùn síbí? Bí a bá wá jẹ́ kí ìwé náà ya mọ́ wa lọ́wọ́, kí ni a óò fi han àwọn ọmọ wa?

BÍ A ṢE DÉ ILẸ̀ YÌÍ

Gbogbo wa ni a mọ ìtàn Ọlọ́fin Ògúnfúnminírè, ẹni tí ó gbéra láti Ilé-Ifẹ̀ pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀, tí àwo ń léfòó lójú omi níwájú wọn, tí wọ́n sì ń tẹ̀ lé e títí àwo náà fi rì ní agbègbè Ìṣẹ́rí. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè pé àwo dà, ó ní, "Àwo ti rì." Láti inú ọ̀rọ̀ yìí ni a ti ń pè wá ní Àwórì. Láti Ìṣẹ́rí ni ẹ̀yà wa ti tàn ká dé etí ọ̀sà, dé Èkó, àti dé ọ̀nà Àgbádárìgì níhìn-ín.

Ìtàn Èkó tún sọ fún wa nípa Aṣípa. Aṣérù, olórí ogun Ọba Ìbíní, ni ó kú sí ìhà ọ̀dọ̀ wa. Aṣípa kò fi òkú náà sílẹ̀ fún igún. Ó gbé e, ó rìn ín, títí ó fi fi í lé àwọn ẹni rẹ̀ lọ́wọ́ ní Ìbíní. Inú Ọba Ìbíní dùn, ó sì fi Aṣípa ṣe olórí Èkó. Inú ìran rẹ̀ ni àwọn ọba Èkó ti jáde. Ẹ kò rí i pé nítorí òkú kan ṣoṣo tí a bọ̀wọ̀ fún ni ìdílé ọba kan fi bẹ̀rẹ̀? Ẹni tí ó bá ń sọ pé òkú kò já mọ́ nǹkan, kí ó rántí Aṣípa.

Àwọn àgbà a máa sọ pé, ẹni a bá lábà ni baba. Ọkùnrin kan yóò wọ inú igbó, yóò ṣán an, yóò kọ́ ahéré. Aya rẹ̀ yóò bímọ síbẹ̀. Àlejò yóò dé, yóò tọrọ ibi tí yóò fi orí lé, baba náà yóò sì fi ilẹ̀ hàn án. Nígbà tí ọjọ́ bá pé, baba yóò kú, a óò sì sin ín sí ilé rẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, kò sí ẹni tí yóò lè jiyàn pé ta ni ó kọ́kọ́ dé. Bí ìdílé tí ó tẹ abúlé dó ṣe ń di ìdílé onílẹ̀ nìyẹn.

BÍ ÀWỌN BABA WA TI Ń SIN ÒKÚ

Àwọn baba wa kì í sin àgbàlagbà tí ó kú ikú ọlá síta. Inú ilé ni wọ́n ń sin ín sí, nínú ìyẹ̀wù rẹ̀ tàbí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ó lè máa gbọ́ ohùn àwọn ọmọ rẹ̀. Ọmọ tuntun yóò máa ra kòkòrò lórí ilẹ̀ tí baba ńlá rẹ̀ sùn sí. Nígbà ọdún, olórí ilé yóò dúró lójú oórì, yóò da omi sílẹ̀, yóò fi obì bọ ọ́, yóò sì pe orúkọ àwọn tí ó ti lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Orúkọ wọ̀nyí ni àwọn ọmọdé ń gbọ́ tí wọ́n fi mọ ìtàn ilé, láìsí pátákó ìkọ̀wé, láìsí ẹfun.

Àwọn òkú kan wà tí a kì í sin sílé. Aboyún tí ó kú pẹ̀lú oyún rẹ̀, ẹni tí omi gbé, ẹni tí àrá pa, adẹ́tẹ̀ àti abuké, inú igbó ni wọ́n ń gbé wọn lọ, àwọn tí ó mọ ètùtù rẹ̀ ni ó sì ń sin wọ́n. Nítorí náà, nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní kí á máa gbé òkú lọ sí ìta ìlú, ọ̀rọ̀ náà korò létí àwọn àgbà. Wọ́n ń bi ara wọn pé, kí ni baba wa ṣe tí a óò fi gbé e sọ sí inú igbó bí ẹni tí ó kú ikú òjijì? Ẹ jẹ́ kí á mọ èyí dájú, kí á má fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Wọn kò kọ ìmọ́tótó. Ẹ̀tẹ́ ni wọ́n ń sá fún.

BÍ ITẸ́ ÒKÚ ṢE WỌ ABÚLÉ WA

Ohun mẹ́ta ni ó yí àṣà náà padà.

Èkíní ni ìsìn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1842 ni Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, àwọn ìjọ mìíràn sì tẹ̀ lé e. Àwọn onígbàgbọ́ fẹ́ kí a sin àwọn ẹni tiwọn papọ̀ nínú ọgbà ìjọ. Àwọn Mùsùlùmí náà, tí ẹ̀sìn wọn ti wà ní Èkó ṣáájú èyí, ní ọ̀nà tiwọn tí wọ́n ń gbà tẹ́ òkú: kíá ni wọ́n ń sin ín, a óò sì kọ ojú rẹ̀ sí Mẹ́kà.

Èkejì ni òfin. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1861 ni Ọba Dòsùnmú fi Èkó lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Láìpẹ́, ìjọba fi òfin de sísin òkú sínú ilé ní àárín ìlú, wọ́n sì ya itẹ́ òkú gbogbogbòò sọ́tọ̀.

Ẹ̀kẹta ni àìsàn. Ní ọdún 1924, àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, ó sì pa ènìyàn púpọ̀. Nítorí rẹ̀ ni ìjọba fi dá ìgbìmọ̀ àtúnṣe ìlú Èkó sílẹ̀ ní ọdún 1928, tí wọ́n ń wó ilé tí ó há mọ́ra. Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ ibi tí a ń sin òkú sí kúrò ní ọ̀rọ̀ olórí ilé nìkan. Ó di ọ̀rọ̀ dókítà àti wolé-wolé pẹ̀lú.

Àṣà tuntun yìí kò dé abúlé ní ọjọ́ kan náà. Nígbà tí ó dé, ìdílé tí ó tẹ ibẹ̀ dó ni gbogbo ènìyàn yíjú sí, nítorí àwọn ni ó ni ilẹ̀. Ìdílé náà yóò yọ igun oko kan, lórí ilẹ̀ tí ó ga díẹ̀ kí omi má bàa wọ inú isà, nítorí ilẹ̀ wa níhìn-ín jẹ́ ilẹ̀ yanrìn létí ọ̀sà, omi kò sì jìnnà sí òkè. Wọn yóò gbin pèrègún sí ààlà rẹ̀. Ẹni tí ó ni ilẹ̀ kì í gba owó lọ́wọ́ ọlọ́fọ̀. Obì àti ìdọ̀bálẹ̀ tó. Àlejò tí ó bá abúlé gbé títí ó fi kú, ìbáà ṣe Ẹ̀gùn, ìbáà ṣe ará òkè, yóò rí ibi sùn. Bí àwọn baba wa ti ṣe ọ̀rọ̀ náà nìyẹn, wọn kò sì kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí wọ́n rò pé kò sí ẹni tí yóò gbàgbé.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ NÍ AJẸ́LẸ̀

Ẹ jẹ́ kí á wo Èkó, nítorí ohun tí ó bá ojú ni yóò bá imú.

Itẹ́ òkú Ajẹ́lẹ̀ wà ní àárín gbùngbùn Erékùṣù Èkó. Ibẹ̀ ni a sin àwọn ènìyàn ńlá ayé ìgbàanì sí. Ibẹ̀ ni a sin Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther sí, ẹni tí ó kú ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1891. Ọmọ Òṣoògùn ni, wọ́n kó o lẹ́rú, a dá a nídè, ó di bíṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ nínú àwọn ènìyàn dúdú nínú ìjọ Áńgílíkà. Ní ọdún 1845 ó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta. Gbogbo ẹni tí ó bá ń ka èdè Yorùbá nínú ìwé jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Ní àwọn ọdún díẹ̀ lẹ́yìn 1970, nígbà tí Mobọ́lájí Johnson jẹ́ Gómìnà ológun ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ìjọba hú Ajẹ́lẹ̀, wọ́n ní ilé iṣẹ́ ìjọba ni àwọn yóò kọ́ síbẹ̀. Wọ́n gbé òkú Bíṣọ́ọ̀bù Crowther lọ sí Kátídírà ìjọ Áńgílíkà ní Marina ní ọdún 1976, òkúta ìrántí rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Òun ní ìjọ tí ó gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ rò. Ṣùgbọ́n ta ni ó gba ọ̀rọ̀ àwọn yòókù rò? Ìyá ọlọ́jà, akọ̀wé kékeré, ọmọ ọwọ́ tí ibà pa, níbo ni wọ́n wà? Ẹni tí ó ní orúkọ ńlá nìkan ni ó rí ibòmíràn sùn.

Ẹ wo apá kejì ọ̀rọ̀ náà. Ní Àgbádárìgì, Ṣéríkì Fárẹ̀mí Williams Abass kú ní ọdún 1919, a sì sin ín sínú agbo ilé rẹ̀. Òwò ẹrú ni òwò rẹ̀, a kò sì wá síhìn-ín láti yìn ín. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ kò ta ojú oórì náà. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú yàrá tí a ń há ẹrú mọ́, títí ó fi di ibi tí àwọn ènìyàn ti ń wá kọ́ ẹ̀kọ́ láti òkèèrè. Ìdílé tí ó bá mú ojú oórì mọ́wọ́ ni yóò máa sọ ìtàn ara rẹ̀, dídùn àti kíkorò.

Òkè òkun pàápàá rí ọ̀ràn yìí. Ní ọdún 1991, bí wọ́n ti ń gbẹ́ ilẹ̀ láti kọ́ ilé ìjọba ní ìlú New York ní Amẹ́ríkà, wọ́n kan egungun ènìyàn. Itẹ́ òkú àwọn ènìyàn dúdú ni, ẹrú àti ọmọ ẹrú, èyí tí wọ́n ti lò títí di ọdún 1794, tí ìlú sì ti kọ́lé bo gbogbo rẹ̀. Àwọn ènìyàn dúdú ìlú náà fárí gá. Wọ́n ní a kò gbọdọ̀ kọ́lé lé àwọn baba wa lórí. Nígbẹ̀yìn, ní ọdún 2003, a tún òkú 419 sin pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ìjọba Amẹ́ríkà sì sọ ibẹ̀ di ibi ìrántí orílẹ̀-èdè ní ọdún 2006. Kò sí ẹni tí ó mọ orúkọ àwọn tí a tún sin náà. Bí àwọn tí a gba orúkọ mọ́ lọ́wọ́ bá rí ẹni jà fún wọn, kí ni a óò sọ nípa àwọn tí àwa mọ orúkọ wọn?

ILẸ̀ WA LÓNÌÍ

Nígbà kan, oko àgbọn, oko ẹ̀gẹ́ àti ẹja ni a fi ń mọ ìhà wa yìí. Lẹ́yìn náà ni títì ńlá Èkó sí Àgbádárìgì la àárín wa kọjá. Ìlú Fẹ́sítáàkì àti ọgbà Ìpàtẹ Ọjà Àgbáyé wá ní ọdún 1977. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó wá sí Ọ̀jọ́ ní ọdún 1983. Ọjà Alábà di ńlá. Ọkọ̀ ojú irin tí ó bẹ̀rẹ̀ sí gbé èrò láti Marina dé Mile 2 ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, Òkókómáíkò ni wọ́n fi ṣe òpin ọ̀nà rẹ̀ nínú ètò tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Gbogbo èyí ni ìtẹ̀síwájú tí Ẹgbẹ́ wa ń fẹ́, a kò bá a jà. Ṣùgbọ́n bí owó ilẹ̀ ti ń ròkè, bẹ́ẹ̀ ni ojú àwọn ọmọ wa ń yí sí igun oko tí pèrègún yí ká.

Ní ilé ẹ̀kọ́, a sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì wa pé kí wọ́n lọ béèrè orúkọ baba tí ó bí baba wọn àgbà, kí wọ́n sì kọ ibi tí a sin ín sí. Díẹ̀ nínú wọn mú orúkọ wá. Àwọn tí ó mú ibi ìsìnkú wá kò tó nǹkan. Ọmọbìnrin kan kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé abẹ́ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta táyà ni baba ńlá òun wà. Ó kọ ọ́ bí ẹni kọ ìṣirò, kò sì mọ̀ pé ó yẹ kí ó dun òun. Ọmọ náà kò jẹ̀bi; àwa àgbà ni a kò kọ́ ọ.

Àwọn ọ̀dọ́ wa a máa sọ pé òkú kò jẹun, alààyè ni ó ń wá ilé. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìdí, a kò gbọdọ̀ jágbe mọ́ wọn. Ọmọ tí kò ní iṣẹ́, tí ó ń rí i tí àlejò ń kọ́lé sórí ilẹ̀ baba rẹ̀, ẹ̀dùn wà lọ́kàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á fi òfin yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, nítorí ìmọ̀ yóò ṣe wọ́n ní àǹfààní ju owó ọjọ́ kan lọ.

Ní ọdún 1912, nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe ìwádìí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, Ẹlẹ́sì ti Odògbólú ṣàlàyé fún wọn pé ìdílé ńlá kan ni ó ni ilẹ̀, pé àwọn tí ó ti kú pọ̀ nínú ìdílé náà, àwọn alààyè kò ju díẹ̀ lọ, àwọn tí a kò ì tí ì bí kò sì lóǹkà. Nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ Àpápá, Olóyè Àmọ́dù Tìjání Olúwa, ọmọ Ọlọ́fin bí tiwa, pe ẹjọ́ títí dé Lọ́ńdọ̀nù. Herbert Macaulay, ọmọ-ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Crowther, bá a lọ ní ọdún 1920. Ní ọdún 1921, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ nígbà náà gbà pé àwùjọ ni ó ni ilẹ̀, pé kí ìjọba san owó gbà-má-bínú tí ó bá ohun tí wọ́n pàdánù mu.

Ní ọdún 1959, ilé ẹjọ́ gíga ti Nàìjíríà fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé bí ọmọ ìdílé kan bá ta ilẹ̀ ìdílé láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, òfo ni títà náà. Bí olórí ẹbí bá sì dá a tà láìgba ohùn àwọn àgbà ìdílé, wọ́n lè pe ẹjọ́ kí á fagi lé e. Ní ọdún 1976, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ka ọ̀nà márùn-ún tí ènìyàn lè gbà fi hàn pé òun ni ó ni ilẹ̀: ìtàn ìdílé, ìwé, ohun tí onílẹ̀ ti ṣe lórí ilẹ̀ náà, pípẹ́ lórí rẹ̀, àti níní ilẹ̀ tí ó fara kàn án. Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ọmọ wa: ojú oórì baba yín ń jẹ́rìí sí ìtàn ìdílé, ó ń jẹ́rìí sí ohun tí ẹ ṣe lórí ilẹ̀, ó sì ń jẹ́rìí sí bí ẹ ti pẹ́ tó. Ẹni tí ó ta á ti ta ẹlẹ́rìí rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹlòmíràn bá gbé ẹjọ́ dé, ta ni yóò pè?

Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 sì fi ilẹ̀ Ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ Gómìnà. Nítorí náà, ibi tí a kò fi àmì sí, tí a kò kọ sínú ìwé, tí igbó bò, ọ̀sán gangan ni a lè pè é ní ilẹ̀ tí kò ní olówó. Àìsí ńlé ológbò, ilé dilé èkúté.

OHUN TÍ A Ń BẸ ẸGBẸ́ PÉ KÍ Ó ṢE

Ohun márùn-ún ni a mú wá síwájú yín.

Ìkíní: kí ìdílé kọ̀ọ̀kan tí ó ní itẹ́ òkú wá sọ fún Ẹgbẹ́ kí ọdún yìí tó parí, kí á bá wọn wá wọnlẹ̀-wọnlẹ̀ tí ó ní ìwé àṣẹ, kí ó wọn ibẹ̀, kí ó sì gbin òkúta ààlà.

Ìkejì: kí á ní ìwé orúkọ. Kí a kọ orúkọ òkú, ilé tí ó ti jáde, ọdún tí ó kú bí a bá mọ̀ ọ́n, àti apá ibi tí ó sùn sí. Kí ẹ̀dà kan wà ní ààfin, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ ìdílé, kí ọ̀kan sì wà ní ilé ẹ̀kọ́. Àwa olùkọ́ yóò kọ ọ́ láìgba kọ́bọ̀. Kí àwọn àgbà sáà ti pe orúkọ fún wa nígbà tí ohùn wọn ṣì ń jáde.

Ìkẹta: kí á tún pèrègún gbìn, kí á sì máa ro ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ọgbà símẹ́ǹtì dára, ṣùgbọ́n bí owó kò bá tí ì tó, ọkọ́ àti àdá kì í wọ́n.

Ìkẹrin: kí gbogbo olórí ẹbí fi ọwọ́ sí ìwé kan níwájú Ọba pé a kò ní ta itẹ́ òkú, a kò sì ní fi ṣe ìdúró owó. Òfin tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2016 láti dẹ́kun àwọn tí ń fi ipá gba ilẹ̀ wà lẹ́yìn ẹni tí ó bá ní ìwé lọ́wọ́.

Ìkarùn-ún: kí á má gbàgbé àlejò. Àwọn tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá tí wọ́n ń ṣòwò láàárín wa, tí wọ́n ń bímọ síhìn-ín, àwọn náà yóò máa kú. Baba wa kò gba owó lọ́wọ́ ọlọ́fọ̀. Kí àwa náà má sọ ọ́ di ọjà. Kí á béèrè ilẹ̀ itẹ́ òkú gbogbogbòò lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, kí gbogbo ẹ̀sìn ní ìpín níbẹ̀.

Kábíyèsí, ẹ̀yin àgbà, a kò béèrè ohun ńlá. Ẹni tí ó sọ ilé nù sọ àpò ìyà kọ́. Àwọn tí ó ṣán igbó yìí kò mọ̀wé, wọn kò ní owó bí tiwa, síbẹ̀ wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún òkú tiwọn àti fún òkú àlejò. A ti mọ̀wé báyìí. Ẹ jẹ́ kí á fi ìwé náà kọ orúkọ wọn. Akọ̀wé Ẹgbẹ́ ti gbé ìwé kan sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, ojú ewé rẹ̀ àkọ́kọ́ ṣófo. Kí olórí ìdílé kọ̀ọ̀kan pe orúkọ kan, ó kéré tán, kí ó tó lọ sílé.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ọmọ wa sin wá.